Àtúnṣe Ilé Ṣáájú Títà ní Hyattsville: Ara Ilé, Ojú Ilé àti Ìwé Ilé

Nínú òwò ilé nílẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè tí ó máa ń gba olùrà lọ́kàn jù lọ ni ti ẹni tí ó ni ilé àti ìwé tí ó fi ni ín. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ti wádìí bóyá olórí ẹbí mọ̀ sí i, bóyá àwọn ọmọ bàbá kan náà fọwọ́ sí i, bóyá àṣẹ gómìnà wà lórí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti là á kalẹ̀, àti bóyá ọmọ onílẹ̀ kankan kò ní yọjú tó bá yá. Bí òrùlé bá ń jò tàbí tí ògiri bá ti sán, olùrà yóò fi já owó ilé náà wálẹ̀, yóò sì gbà pé bíríkìlà àti káfíńtà ni yóò yanjú ìyẹn bí ilé bá ti di tòun. Ní ìpínlẹ̀ Maryland, ọ̀rọ̀ ìwé ìní kì í sábà gba oorun lójú olùrà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú àkọsílẹ̀ ìjọba wò lórí ilé náà, adójútòfò sì wà fún àṣìṣe tí ó bá yọ níbẹ̀. Ohun tí olùrà, báńkì rẹ̀ àti òfin ìpínlẹ̀ jọ ń tanná wò ni ara ilé náà fúnra rẹ̀, láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó fà á tí àtúnṣe ilé ṣáájú títà fi di ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ó ní ilé ní Hyattsville gbọ́ dáadáa. Àbá tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé, nínú ìlú tí ilé rẹ̀ ti dàgbà bí ti Hyattsville, owó àtúnṣe tí ó ń so èso kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n ná sí ojú ilé, bí kò ṣe èyí tí wọ́n ná sí ibi tí omi ń gbà wọlé, ibi tí iná mànàmáná ń gbà kọjá àti ibi tí ewu ń sá pamọ́ sí. Àti pé àtúnṣe tí kò ní ìwé lẹ́yìn kì í pẹ́ di àléébù tuntun lára ilé.

Hyattsville wà ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Káúńtì Prince George's, kò jìnnà sí ààlà olú-ìlú Washington, níbi tí òpópónà Baltimore Avenue àti ojú irin tí ó jẹ́ ti Baltimore and Ohio tẹ́lẹ̀ ti ń súnmọ́ ara wọn. Christopher Clark Hyatt, oníṣòwò tí ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ra ilẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1845, ọdún 1886 ni ìjọba ìpínlẹ̀ sì fún ibẹ̀ ní ìwé àṣẹ tí ó sọ ọ́ di ìlú. Àwọn ilé ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ní àdúgbò tí ó súnmọ́ ojú irin, ilé onígi tí ó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ gbígbòòrò níwájú ṣì wà láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn búńgálò àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onígun mẹ́rin ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ilé bíríkì kéékèèké pọ̀ sí i fún àwọn ìdílé òṣìṣẹ́. Ní sáà tiwa yìí ni àwọn ilé alájà púpọ̀ ìgbàlódé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ga sókè nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Metro. Ní ọdún 1982, wọ́n fi apá àtijọ́ ìlú náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè fún àwọn ibi onítàn. Ọ̀pọ̀ onílé rò pé àkọsílẹ̀ yẹn kò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ilé wọn, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé kò de onílé tí ó ń fi owó ara rẹ̀ tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó lè mú kí onílé tí ó ń gbé inú ilé rẹ̀ gba ìdápadà owó orí láti ọwọ́ ìpínlẹ̀, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó àtúnṣe tí ó bá tó dọ́là 5,000 ó kéré tán, bí ó bá ti gba ìfọwọ́sí àjọ Maryland Historical Trust kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ilé lóṣù tí ń bọ̀ ti pẹ́ jù fún irú èyí.

Ó tún yẹ kí onílé mọ̀ pé orúkọ Hyattsville tí ó wà lórí lẹ́tà kì í ṣe ẹ̀rí pé ilé rẹ̀ wà nínú ìlú Hyattsville. Ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ń kọ orúkọ náà sí àdírẹ́sì àwọn ará Adelphi, Chillum, Lewisdale àti apá kan Landover, tí gbogbo wọn wà lẹ́yìn ààlà ìlú náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọ́fíìsì tí yóò lọ fún ìwé ìyọ̀ǹda, èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn èyí, ọdún tí wọ́n kọ́ ilé ni ìbéèrè tí ó kàn, pàápàá bóyá ó ṣáájú ọdún 1978, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé. Òjé ni irin rírọ̀ tí ó wúwo, tí àwọn aṣọ̀dà máa ń pò mọ́ ọ̀dà láyé àtijọ́ kí ó lè tọ́, kí àwọ̀ rẹ̀ má sì tètè ṣá. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ara ọmọdé, ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́, àwọn onímọ̀ ìlera kò sì tíì rí ìwọ̀n rẹ̀ tí kò léwu. Ibi tí ó máa ń sá pamọ́ sí jù ni fèrèsé onígi. Irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ní apá méjì tí ń yọ́ lọ sókè sódò nínú férémù. Ọ̀dà ti gun ara wọn lórí níbẹ̀ fún ọgọ́ta tàbí ọgọ́rin ọdún, funfun lórí àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé lórí àwọ̀ ìpara, àti pé nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ti fèrèsé náà sókè, igi á ha igi, eruku kíkúnná tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí á sì bọ́ sí ẹsẹ̀ fèrèsé, níbi tí ọmọ tí ó ń kọ́ ìdìde ń fi ọwọ́ dì mú kí ó tó ki ọwọ́ náà bọ ẹnu.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùtà máa ń ṣe ni pé wọn yóò pe ọmọkùnrin méjì pẹ̀lú sáńpépà ní òpin ọ̀sẹ̀, wọn yóò ha gbogbo igi fèrèsé, wọn yóò sì kùn wọ́n ní funfun. Ilé náà yóò dán, ṣùgbọ́n òjé tí ó ti sùn jẹ́ẹ́ sábẹ́ ọ̀dà tuntun yóò ti tú ká gbogbo yàrá, tí ó fi jẹ́ pé ilé tí wọ́n tún ṣe léwu ju èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn lọ. Nítorí èyí ni àjọ EPA, tí ń bójú tó àyíká fún ìjọba àpapọ̀, ṣe gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2010: ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba owó láti da ọ̀dà láàmú nínú ilé tí ó ṣáájú 1978, tí ibi tí yóò fọwọ́ kàn sì ju ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 6 lọ nínú yàrá kan tàbí 20 níta, gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí àjọ náà, kí ó ta ọ̀rá sílẹ̀, kí ó fi omi rin ibi tí yóò ha, kí ó sì gbá gbogbo eruku rẹ̀ mọ́. Ìlànà náà kò de onílé tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé tí ó ń gbé. Síbẹ̀, kò sí onílé tí ó bọ́ lọ́wọ́ òfin kejì, èyí tí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ní 1992, tí ó sọ pé olùtà gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa òjé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó fi èsì àyẹ̀wò tí ó bá ní lé olùrà lọ́wọ́, kí ó fún un ní ìwé kékeré tí ìjọba tẹ̀ jáde lórí rẹ̀, kí ó sì fún un ní ọjọ́ 10 láti ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ bí ó bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí kan báńkì náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń ra ilé ní káúńtì yìí ń lo ẹ̀yáwó tí àjọ FHA ń ṣe onídùúró fún, èyí tí ó wà fún àwọn tí owó ìbẹ̀rẹ̀ ọwọ́ wọn kò pọ̀. Àwọn ọmọ ogun àti àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, tí kò wọ́n ní àdúgbò tí ó súnmọ́ Joint Base Andrews, ń lo ti àjọ VA. Nínú irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀, adíyelé, ìyẹn ẹni tí báńkì rán láti sọ iye tí ilé tó, kì í wo iye owó nìkan. Bí ó bá rí ọ̀dà tí ń bó lára ilé tí ó ṣáájú 1978, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, owó kò sì ní jáde títí wọn yóò fi tún un ṣe; bí òrùlé kò bá lè lo ọdún méjì sí i, FHA kò ní gbà á; VA sì máa ń béèrè àyẹ̀wò ikán ní Maryland. Olùtà tí ó bá fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ olùrà sẹ́yìn láìmọ̀, àwọn tí yóò sì kù fún un ni àwọn tí ń fi owó gidi lọ́wọ́ dúnàá-dúrà, tí ẹnu wọn kì í sì í rọ̀.

Òjé ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ilé. Omi ni ọ̀rọ̀ ibi tí ilé jókòó sí. Ẹ̀ka méjì odò Anacostia, Northwest Branch àti Northeast Branch, ni ó gba ẹ̀gbẹ́ Hyattsville kọjá kí wọ́n tó pàdé nítòsí Bladensburg, ilẹ̀ ìhà àríwá káúńtì náà sì ní amọ̀ púpọ̀, irú èyí tí ó máa ń wú bí ó bá mu omi, tí ó sì máa ń sún kì bí ó bá gbẹ. Bí amọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń wú tí ó ń sún lọ́dọọdún, ògiri tí ó wà nínú ilẹ̀ ni ó ń tì. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ní béèsìmẹ́ǹtì, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní abẹ́ ilé Hyattsville, omi ni aláǹgbá náà. Ibi tí ó ti lanu sì ní èdè tirẹ̀: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dúró gbọọrọ lára kọnkéré lè máà ju pé kọnkéré náà sún kì nígbà tí ó ń gbẹ, ṣùgbọ́n ìlà tí ó sùn gbalaja ní àárín ògiri búlọ́ọ̀kù, tí ògiri sì ti yọ ikùn sínú yàrá díẹ̀, ń sọ pé ilẹ̀ ni ó ń tì í, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé ni ó sì yẹ kí ó wò ó kì í ṣe bíríkìlà. Ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ tí ó ń hù lára ògiri náà jẹ́ ẹ̀rí pé omi ti ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ́.

Àṣà tí ó burú jù nínú àtúnṣe ṣáájú títà ni kíkun ọ̀dà adènà-omi sórí irú ògiri bẹ́ẹ̀ láti inú. Omi kò lọ síbì kan. Lẹ́yìn ògiri ni ó dúró sí, nígbà tí òjò ńlá bá sì rọ̀, ọ̀dà náà yóò wú bí ìléròrò, òórùn ọ̀rinrin tí ayẹléwò kì í ṣìmọ̀ yóò sì padà. Ayẹléwò ni amòye tí olùrà ń sanwó fún láti yẹ ilé wò láti òrùlé dé ìpìlẹ̀, tí ìpínlẹ̀ Maryland sì ń fún ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ìta ni àtúnṣe tòótọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í wọ́n: kí wọ́n kó ewé kúrò nínú gọ́tà, kí wọ́n fa ẹnu páìpù tí ń gbé omi gọ́tà sọ̀kalẹ̀ jìnnà sí ògiri, kí wọ́n sì kó erùpẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé kí ilẹ̀ lè dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ìlànà ilé kíkọ́ tí wọ́n ń lò káàkiri Amẹ́ríkà ni kí ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní ínǹṣì 6 láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́. Ìgbà tí gbogbo èyí kò bá tó ni ó kan ẹ̀rọ tí wọ́n ń ri sínú kòtò abẹ́ ilé láti máa fa omi jáde, èyí tí àwọn tí ń tà á máa ń fẹ́ kí onílé fi bẹ̀rẹ̀. Káúńtì Prince George's tilẹ̀ ní ètò kan, Rain Check Rebate, tí ó ń dá lára owó padà fún onílé tí ó bá gbin igi tàbí tí ó ṣe ọgbà tí ń mu omi òjò.

Páìpù ìdọ̀tí tí ó ti inú ilé lọ sí ojú títì wà nínú ọ̀rọ̀ omi náà. Ti ilé àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ amọ̀ sísun tí wọ́n so pọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan mélòó kan, ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ sì ni gbòǹgbò igi ńláńlá tí ó mú àdúgbò náà lẹ́wà ń gbà wọlé. Ilé kò ní jò, ilé kò ní rùn, ṣùgbọ́n olùrà tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò sanwó kí wọ́n ti kámẹ́rà bọ páìpù náà. Bí olùtà bá ti kọ́kọ́ ṣe é fúnra rẹ̀, yóò mọ ohun tí ó ní kí ó tó dá iye lé ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ìdílé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni ti béèsìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti sọ di ibùgbé. Ẹ̀gbọ́n dé láti Ìbàdàn, àbúrò wọlé sí yunifásítì, Màmá wá tọ́jú ọmọ tuntun, wọ́n sì pín abẹ́ ilé sí yàrá méjì, ilé ìwẹ̀ kan àti ilé ìdáná kékeré. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà sábà máa ń jẹ́ bùrọ̀dá kan nínú ìjọ, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dá, tí kò sì gba owó gọbọi. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ará ran ará lọ́wọ́, ọwọ́ ẹni náà sì lè dá lóòótọ́. Àmọ́ ní ọjọ́ títà, ìbéèrè kì í ṣe bóyá iṣẹ́ náà dára bí kò ṣe bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì mọ̀ pé wọ́n ṣe é. Ẹ̀ka ìjọba káúńtì tí wọ́n ń pè ní DPIE, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2013, ni ó ń fúnni ní ìwé ìyọ̀ǹda fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń rán ènìyàn wá wò ó. Ọ̀rọ̀ páìpù omi àti gáàsì kò sí lọ́wọ́ wọn. WSSC, àjọ omi tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1918 fún Káúńtì Prince George's àti Montgomery, ni ó ń fúnni ní ìyọ̀ǹda tirẹ̀, púlọ́ńbà tí ó bá sì ní ìwé àṣẹ wọn nìkan ni ó lè gbà á. Yàrá abẹ́ ilé tí wọn kò bá lè rí ìwé rẹ̀ kì í di yàrá lójú adíyelé. Bí wọ́n bá polówó ilé náà ní yàrá márùn-ún, mẹ́ta ni yóò kà.

Àpẹẹrẹ kan tí ó ṣe kedere ni ti fèrèsé abẹ́ ilé. Òfin ilé kíkọ́ sọ pé yàrá tí ènìyàn ń sùn gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí a fi lè sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, tí panápaná tí ó gbé àpò afẹ́fẹ́ sẹ́yìn sì lè gbà wọlé: ojú rẹ̀ tí ó bá ṣí gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó èyí tí ènìyàn lè gbà kọjá, ẹsẹ̀ fèrèsé náà kò sì gbọ́dọ̀ ga ju ínǹṣì 44 lọ láti ilẹ̀. Fèrèsé abẹ́ ilé àtijọ́, tí ó kàn fẹ̀ tó bí àwo ìjẹun kan, tí ó sì wà lókè fíofío, kò lè ṣe èyí. Olùtà ní ọ̀nà mẹ́ta: kí ó gbẹ́ ilẹ̀, kí ó gé ògiri, kí ó sì fi fèrèsé ńlá síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda, tàbí kí ó lọ bẹ̀bẹ̀ fún ìyọ̀ǹda ẹ̀yìn-iṣẹ́, èyí tí ó lè mú kí wọ́n ní kí ó tú ògiri kí wọ́n lè rí wáyà inú rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́wọ́, kí ó pè é ní yàrá ìkẹ́rù, kí ó sì tà á ní iye yàrá ìkẹ́rù. Ọ̀nà kẹta yìí ni ó sàn jù fún ọ̀pọ̀, bí ó tilẹ̀ ń dun onílé tí ó ti náwó sí i.

Fún iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe nísinsìnyí, ohun tí onílé yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe ni nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Maryland Home Improvement Commission, àjọ tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1962 láti máa bójú tó àwọn tí ń tún ilé ṣe. Agbaṣẹ́ṣe kò gbọ́dọ̀ gba ju ìdá mẹ́ta owó iṣẹ́ lọ ṣáájú, àdéhùn sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Bí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ bá ba iṣẹ́ jẹ́ tàbí tí ó sá lọ, àjọ náà ní àpò owó kan tí ó lè san tó dọ́là 30,000 fún onílé tí ó pàdánù. Ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ fún aláìníwèé kò ní ìpín nínú àpò yẹn.

Àwọn olùtà kan gbà pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ gbogbo èyí, ìyẹn ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ilé náà ni wọ́n ń tà bí ó ṣe wà. Òfin ohun-ìní Maryland, ní abala 10-702, fún olùtà ní ìwé méjì láti mú ọ̀kan nínú wọn. Èkínní ni ìwé ìṣípayá, níbi tí yóò ti dáhùn ìbéèrè lórí òrùlé, ìpìlẹ̀, omi, iná àti àwọn yòókù gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ̀ ọ́n. Èkejì ni ìwé àìṣèlérí, níbi tí yóò ti sọ pé òun kò ṣe ìlérí kankan lórí ipò tí ilé wà. Ọ̀pọ̀ ń mú ìkejì nítorí ó kúrú. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, olùtà gbọ́dọ̀ sọ àléébù tó fara sin tí ó bá mọ̀. Àléébù tó fara sin ni èyí tí olùrà kò lè fi ojú rí bí ó tilẹ̀ fara balẹ̀ wo ilé, tí ó sì lè ṣe ìpalára fún ìlera tàbí ẹ̀mí ẹni tí yóò gbé ibẹ̀. Wáyà tí ó ti jóná lẹ́yìn ògiri wà nínú irú rẹ̀. Bí olùtà kò bá sì fi ìwé náà fún olùrà kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn, olùrà lè yí ọkàn padà títí di ọjọ́ 5 lẹ́yìn tí ó bá gbà á.

Èyí ni ó mú kí ìbéèrè bóyá kí olùtà pe ayẹléwò tirẹ̀ ṣáájú títà fi ní ojú méjì. Ẹni tí ó bá mọ̀ ti mọ̀, kò sì lè dákẹ́ mọ́. Síbẹ̀ ó sàn kí ó mọ̀, nítorí pé ohun tí ayẹléwò olùrà bá kọ́kọ́ rí yóò dé lẹ́yìn tí àdéhùn ti dúró, nígbà tí olùtà ti kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí, tí ó sì ti san owó ìbẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, tí kò sì ní ẹnu àtidúnàá-dúrà mọ́. Ohun tí ó bá tún ṣe pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda, tí rìsíìtì rẹ̀ wà nílẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìṣípayá gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ti tún ṣe, ìyẹn sì ń fi olùrà lọ́kàn balẹ̀ ju òkúta gíránáìtì lọ.

Ní ti gíránáìtì àti ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ìwádìí kan wà tí ó máa ń ṣe ìṣirò lọ́dọọdún lórí iye tí àtúnṣe ń dá padà nígbà títà, kárí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ti ọdún 2024, àtúnṣe ilé ìdáná tí kò pọ̀, irú bíi pààrọ̀ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, dá nǹkan bí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ padà. Ilé ìdáná olówó ńlá tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n sì tún un kọ́ kò dá ju nǹkan bí 38 lọ. Olùrà ní ojú ara rẹ̀, gíránáìtì dúdú tí ó wu olùtà sì lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí olùrà yóò yọ. Ọ̀dà inú ilé, nínú ilé tí kò ní ìṣòro òjé, ilẹ̀ gbígbá àti koríko gígé níwájú ilé tó fún ojú. Ẹ̀rọ tí ń kígbe bí èéfín bá rú nìkan ni ohun kékeré tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé: òfin Maryland sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ èyí tí ó bá ti lé ní ọdún 10, àti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, èyí tí ń lo bátìrì nìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí wọ́n dí bátìrì ọdún 10 mọ́ inú rẹ̀.

Rìsíìtì ṣì ní iṣẹ́ mìíràn. Lábẹ́ òfin owó orí tí ó wà láti ọdún 1997, ẹni tí ó ni ilé tí ó sì gbé inú rẹ̀ fún ọdún 2 ó kéré tán nínú ọdún 5 ṣáájú títà lè yọ èrè tó dọ́là 250,000 kúrò lábẹ́ owó orí, tọkọtaya tí ó jọ ń kọ ìwé owó orí sì lè yọ tó 500,000. Ìwọ̀n yẹn ga nígbà náà, ṣùgbọ́n iye ilé ti gòkè, ìwọ̀n náà kò sì tíì yí padà. Bí àpẹẹrẹ, bí onílé kan tí ó ń dá gbé bá ra ilé rẹ̀ ní dọ́là 180,000 láyé ọjọ́un tí ó sì tà á ní 520,000, èrè rẹ̀ jẹ́ 340,000, owó orí sì lè kan 90,000 nínú rẹ̀. Àmọ́ bí ó bá ní rìsíìtì òrùlé tuntun àti ẹ̀rọ amúlétutù tuntun tí ó jẹ́ dọ́là 40,000, wọn yóò fi kún iye tí ó ra ilé, ohun tí owó orí lè kàn yóò sì wálẹ̀ sí 50,000. Òfin pààlà sáàárín ìmúdàgbà, èyí tí ń fi kún iye ilé tàbí tí ń mú ọjọ́ rẹ̀ gùn, àti àtúnṣe lásán, bíi dídí ibi tí ń jò tàbí kíkun ọ̀dà. Èkínní ni wọ́n ń kà, wọn kì í sábà ka èkejì. Ẹni tí ó bá ti padà sí Nàìjíríà kí ó tó ta ilé ní ìṣòro mìíràn: ìpínlẹ̀ Maryland yóò dá apá kan owó rẹ̀ dúró lọ́jọ́ ìparí òwò nítorí pé kì í ṣe olùgbé ibẹ̀ mọ́, àfi bí ó bá ti kọ̀wé tọrọ ìdásílẹ̀ ṣáájú, bí kì í bá sì ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú mọ́, ìjọba àpapọ̀ lè ní kí olùrà dá ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé náà dúró.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n tún ilé ṣe rárá. Bí onílé bá kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà káàkiri, ọ̀kan ní Lanham, ọ̀kan ní London, méjì ní Abẹ́òkúta, kò rọrùn kí wọ́n fi ẹnu kò sórí ẹni tí yóò san owó òrùlé. Ẹni tí ọ́fíìsì Register of Wills ní Upper Marlboro bá yàn láti bójú tó ogún náà kò sí lábẹ́ dandan ìwé ìṣípayá ti abala 10-702, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin òjé ti ìjọba àpapọ̀ kò dá a sí, kò sì gbọ́dọ̀ tan olùrà. Iye tí ilé náà tó lọ́jọ́ tí onílé kú ni òfin owó orí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò èrè, nítorí náà èrè tí owó orí máa kàn kì í pọ̀ bí wọ́n bá tètè tà á. Àwọn olùrà tí ń lo ẹ̀yáwó FHA tí wọ́n ń pè ní 203(k), èyí tí ó ń fi owó ríra àti owó àtúnṣe pọ̀ mọ́ ara wọn, lè ra irú ilé bẹ́ẹ̀ bí ó ṣe wà. Lẹ́tà àwọn tí ń fi owó ọwọ́ ra ilé yóò sì máa dé sí ẹnu ọ̀nà wọn, iye tí wọn yóò pè kò ní tó ti ọjà. Kí ẹni tí ó ń bójú tó ogún náà tó dáhùn èyíkéyìí nínú wọn, kí ó pe ayẹléwò. Ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan ni iṣẹ́ rẹ̀, ìròyìn rẹ̀ ni yóò sì sọ bóyá gọ́tà àti ọ̀dà ni ohun tí ilé náà nílò, tàbí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń lọ.